Igbá Òrí Ẹ̀gbẹ́ Ìsọ̀ Ìpara

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá dé ọjà kan lónìí, ìbáà ṣe Ọjà Ọba tàbí Ìpàtà ní Ìlọrin, ìbáà sì ṣe ọjà tiwa ní Òkè-Oyi níhìn-ín, ẹ óò rí i pé ìsọ̀ àwọn tí ń ta ìpara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ìsọ̀ àwọn tí ń ta gàrí lọ. Ike oríṣiríṣi kún orí tábìlì, àwòrán obìnrin tí ó pupa bí òyìnbó wà lára wọn, olùtà a sì máa pariwo pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ẹni tí ó dúdú yóò di pupa. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ni ìyá àgbà kan yóò ti jókòó ti igbá òrí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ọ̀rọ̀ igbá òrí yìí ni mo gbé wá lónìí, nítorí pé ó ti kan ilé tèmi.

Tíṣà ni mí, sáyẹ́ǹsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Òkè-Oyi ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, ó sì wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Ẹni tí ó bá ń ti Ìlọrin bọ̀ yóò kọjá níwájú ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, igi òrí, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní igi emi, sì ń hù káàkiri inú oko.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti Èkó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n so yìgì rẹ̀. Adúmáradán ni mo mọ̀ ọ́n sí láti kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí iná rà, oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí ó fẹ́ wẹ̀, mo rí ilà gbọọrọ gbọọrọ ní abíyá rẹ̀ àti ní itan rẹ̀, irú èyí tí à ń rí níkùn abiyamọ, bẹ́ẹ̀ kò tí ì bímọ rí. Ó ní bí òun bá jáde lọ́sàn-án, oòrùn a máa ta òun lára bí ata.

Mo bi í pé, "Kí ni o fi ń pa ara?"

"Ìpara ni, Àǹtí. Obìnrin kan ní àdúgbò wa ni ó ń bá mi pò ó."

"Kí ni wọ́n ń pò pọ̀?"

"Wọn kì í sọ fún ènìyàn, mà."

Mo ní kí ó gbé ike náà wá. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Òórùn dídùn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a wí, ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rò pé bí mo ṣe dúdú tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe rí mi fẹ́?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti ìpara lọ. Ọmọ tí ó ka ìwé, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń gba owó oṣù, òun ni ó rò pé àwọ̀ inú ike ni ọkọ rí tí ó fi wá.

Kì í ṣe òun nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde ní 2011, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ni ó ń lo ìpara abóra. Lójú tèmi, iye yìí pọ̀ jù, mi ò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Òkè-Oyi. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀, ọ̀ràn ńlá ni. Ọ̀ràn náà kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1976 ni Fẹlá ti ṣe àwo orin rẹ̀ tí ó pè ní "Yellow Fever", tí ó fi bá àwọn abóra wí, a jó sí i, a sì ń bóra lọ.

Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ń tọ́jú àwọ̀ ara. Ohun tí dókítà sọ fún wa ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà gbọ́ dáadáa. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni hydroquinone, tí ń dá àwọ̀ dúdú dúró kí ara má lè ṣe é mọ́. Bí a bá lò ó pẹ́, òun náà ni yóò tún sọ ojú di dúdú aláró, lábàwọ́n lábàwọ́n, àbàwọ́n yìí kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Èkejì ni mẹ́kúrì. Májèlé ni, inú ara ni ó ń wọ̀ lọ, kíndìnrín ni ó sì ń bà jẹ́. Láti 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò nínú àdéhùn Minamata pé kí a jáwọ́ nínú ṣíṣe ìpara tí ó ní in. Ẹ̀kẹta ni oògùn tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, irú bíi clobetasol. Oògùn gidi ni, dókítà a máa fi í wo àwọn àrùn awọ ara kan fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi í para láti orí dé ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, awọ rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́ bí bébà, ilà yóò yọ sí i lára, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní tètè jinná. Ẹ ronú sí aboyún tí awọ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ọmọ tó jáde.

Mo rò pé dókítà yóò ní kí a lọ da ike náà nù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní rárá, ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù kì í já a sílẹ̀ lójijì láìsí àbójútó, nítorí pé ara lè wú kí ó sì pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ni ó gba ike náà lọ́wọ́ wa, tí ó fún un ní èyí tí ó fúyẹ́, tí ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ṣé ẹ lè rí òrí tí kò ní àdàlù?" Mo rẹ́rìn-ín. Òrí kẹ̀, ní Òkè-Oyi!

Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tí ó ti ń ṣe òrí kí a tó bí mi. A kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wo ojú ọmọ náà títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ó fi iná jó ọ lójú báyìí?" Ọmọ náà kò lè dáhùn. Ìyá bu òrí díẹ̀, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí kò ní sọ ọ́ di òyìnbó o. Kò mọ̀ ju kí ó mú ara rẹ jọ̀lọ̀ lọ." N kò rí ìpara kankan lọ́jà tí a kọ irú òtítọ́ báyìí sí lára.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra òrí tí kò mọ ìyà tí ó wà nídìí rẹ̀. A kì í sábà gbin igi yìí, fúnra rẹ̀ ni ó ń hù, ó sì lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Ní ìgbà òjò ni èso ń jábọ́. Àwọn obìnrin a ṣà á, wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a sóòrùn, wọn a fọ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Wọn a gún un, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú kí ó sì kúnná. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀: wọn a bu omi sí i, wọn a máa fi ọwọ́ lù ú, wọn a máa fi ọwọ́ lù ú, títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Wọn a kó ọ̀rá yìí, wọn a fi omi fọ̀ ọ́, wọn a gbé e kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, wọn a sì dà á síbi tí yóò ti dì. Apá a máa ro wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn òyìnbó ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́. Mungo Park rí i ní ilẹ̀ Bambara ní 1796, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó sàn ju bọ́tà màlúù lọ. Orúkọ Park yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko fi kún orúkọ igi náà. Lónìí, òrí wà nínú ìpara olówó ńlá ní Pàrís àti Lọ́ńdọ́nù, ó sì wà nínú ṣokoléètì. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó ń kó kóró rẹ̀ jọ jù láyé, ṣùgbọ́n kóró tútù ni a ń tà, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń jẹ èrè. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ní oṣù kẹjọ 2025 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kóró òrí tí a kò tí ì fún jáde kúrò nílùú fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí ó ń bí mi nínú ju ti kóró lọ ni àwọn tí ń gé igi òrí lulẹ̀ sun èédú ní ìpínlẹ̀ Kwara. Igi tí ó lo ogún ọdún kí ó tó so, wọn a sun ún tán ní ọjọ́ mélòó kan.

Bí a ti ń lò ó nìyí. Bí a bá wẹ̀ tán, kí a má ṣe nu ara gbẹ pátápátá. Nígbà tí ara ṣì tutù ni kí a fi òrí díẹ̀ ra á. Iṣẹ́ òrí ni láti dí ọ̀nà kí omi ara má baà gbẹ lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fi í pa ara gbígbẹ, tí ó wá ń ráhùn pé ó kàn ń ṣe ọ̀rá lásán ni, kò ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọṣẹ dúdú, mo mú un lọ sí kíláàsì mi. Àwọn ọmọ ti bébà litmus pupa bọ inú omi rẹ̀, ó di búlúù lójú wọn. Eérú ni ó fà á, nítorí pé eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń sẹ́ omi rẹ̀ tí a ń sè mọ́ àdín. Gbogbo ọṣẹ tòótọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí eérú rẹ̀ bá pọ̀ jù a máa gé ara, a sì máa ta ènìyàn. Kí a hó o sínú omi, kí a ṣan án kúrò kíákíá, kí a má sì fi kànìnkànìn họ ojú. Dókítà kò jẹ́ kí ọmọ mi lò ó rárá títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ohun kan ti oko wá kò ní kí ó má lè pa ni lára. Mo mọ àwọn tí ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú kí ó lè mọ́. Bí oòrùn bá pa á mọ́ wọn lára, yóò bó wọn bí omi gbígbóná. Tìróò tí a ń lé sójú ọmọ ńkọ́? Òjé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà tí à ń pè ní CDC ròyìn ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston tí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 2011. Tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń lé fún un, ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ ni ó sì jẹ́ òjé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ewé asunwọn ní tirẹ̀ dára fún làpálàpá ara, bí a bá gún un tútù tí a fi ń pa á. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n làpálàpá orí kò gbọ́ ti ewé àti ìpara, oògùn tí à ń gbé mì ni ó ń lé e lọ. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ọmọ tí orí rẹ̀ ń pá lóbìrí lóbìrí ní kíláàsì, ẹ ní kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ti irun kò gùn. Kò sí òróró tí ń mú irun yára hù; bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni ó ń gùn lóṣù. Òrí àti àdín àgbọn a máa jẹ́ kí ó rọ̀ kí ó má baà kán, ó tán. Èyí tí ń pa iwájú orí àwọn ọmọbìnrin wa ni irun tí a dì le koko títí ojú fi ń fà. Ẹ ní kí onídìrí dẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ. Ojú rẹ̀ kò pọ́n mọ́, oòrùn kò ta á bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n méjì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò lọ, ilà abíyá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi níjọ́ kan pé, "Àǹtí, kí ni ó ti ń fi para tẹ́lẹ̀ ná? Dúdú ni mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i." Mo ní kí ó lọ sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà ìgbéyàwó náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí a lé làálì dúdú fún un. Mo kọ̀ jálẹ̀. Làálì tòótọ́ kì í dúdú bí kóòtà. Pípọ́n ni ó ń pọ́n. Èyí tí ó dúdú kíákíá, wọ́n ti po oògùn tí a fi ń pa irun láró mọ́ ọn, ó sì lè ro ara léròó, pàápàá irú awọ tiẹ̀. Ewé làálì ni a lọ̀, a fi omi pò ó, a lé e lálẹ́, a sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí di àárọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì ni àwọ̀ rẹ̀ tó ń yọ dáadáa, nítorí náà ẹni tí ó bá ní yìgì ní Sátidé, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ó ti lé e.