Òkúta Tìróò Kan ní Hausari

Maiduguri kì í ṣe ìlú olókùúta. Iyanrìn àti amọ̀ tí adágún Chad àti àwọn odò ayé àtijọ́ kó jọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ lè wa ilẹ̀ títí kó má kan àpáta. Ìyẹn ló jẹ́ kí àpótí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní àdúgbò Hausari wù mí wò: òkúta ọ̀nà jíjìn ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ sọ, tìróò tí wọn ò tíì lọ̀.

Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e á rẹlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó wúwo tó irin: èyí tó bá kún ike lítà kan yóò wọn kílógíráàmù 7.5. Ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí tipẹ́ ti ṣú. Ibi tí wọ́n ti là á ni kí ẹ wò. Ó ń kọ mọ̀nà, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, iná gílóòbù inú yàrá hàn nínú rẹ̀ kedere.

Fífọ́ rẹ̀ gan-an ni ìyanu. Bí òòlù bá bà á, onígun mẹ́rin-mẹ́rin ló ń já, bíi ṣúgà St. Louis. Ẹ tún fọ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni, títí yóò fi kéré ju ohun tójú lè rí. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Bí òjé àti imí ọjọ́ ṣe to ara wọn nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí wúrà tí kò wù mí tó o.

Síbẹ̀, kò le. Kọ́bọ̀ bàbà lásán lè ha á lára, bẹ́ẹ̀ sì ni dídán yẹn kì í bá a dé inú ọlọ. Bó bá ti kúnná, ó di dúdú, ó di ohun tí àwọn Hausa ń pè ní tozali, tí àwọn ìyá wa ń lé sójú.

Tíṣà náà sọ pé Zurak, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni tòun ti wá. Kì í jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì tọ̀nà: nínú kílógíráàmù kan, ó lé ní gíráàmù 860 tó jẹ́ òjé, májèlé sì ni òjé. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà ṣẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ẹ̀yin ìyá tó ń lé e fún ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró.