Ìlù tí Kò Ní Ìyáàlù

Ìlù dùndún ni mo fi máa ń ṣàlàyé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn rí àwo orin tẹ́kínò tuntun lórí tábìlì mi, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ìlù òyìnbó yìí ń sọ?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "òyìnbó" inú rẹ̀ kò tọ̀nà. Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ọ̀dọ́ adúláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Belleville lẹ́bàá Detroit ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá orin náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ̀yìn wọn ni Berlin tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ti abẹ́lẹ̀ kì í sábà dé orí rédíò. Wọ́n lè tẹ ẹ̀dà 300 tàbí 500 péré, kí bébà àárín àwo funfun láú, láìsí orúkọ olórin. Agbo ijó ni wọ́n ṣe é fún: kìkì ìlù ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ orin, òun náà ló ń parí rẹ̀, kí DJ lè so òpin ọ̀kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, kí ẹsẹ̀ oníjó má baà dúró. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ó rí ni èyí tí wọ́n họ sára àwo níbi tí orin parí sí. Èmi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Kí wá ni ìlù náà ń sọ? Kò sọ nǹkan kan. Nínú ọwọ́ ìlù dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀: ó ń kini, ó ń pòwe, ó tilẹ̀ ń búni. Iṣẹ́ omele àti gúdúgúdú yàtọ̀. Ìró kan náà ni wọ́n ń lù lálùtúnlù, òun ni oníjó sì fi ń mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Lójú tèmi, tẹ́kínò jẹ́ ọwọ́ ìlù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ omele. TR-909, ẹ̀rọ ìlù tí ilé iṣẹ́ Roland ti Jàpáànù gbé jáde ní 1983, ń lu ìlù ńlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin mẹ́rin láìsinmi. Omele kan ń wọlé, òmíràn ń jáde. À ń retí ìyáàlù, kò dé. Ìrètí yẹn gan-an ló ń dùn mọ́ mi.

Nítorí náà, n kò fara mọ́ ẹni tó bá ní gángan wa ló di tẹ́kínò. Ó fẹ́ gbé wa ga ni, ṣùgbọ́n ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Detroit dù wọ́n. Kraftwerk ti Jámánì àti orin fọ́ǹkì George Clinton wà lára ohun tí wọ́n gbọ́ dàgbà.

Ibi tí okùn ti so wá pọ̀ ní tòótọ́ wà, ṣá. Ní 2018, Tony Allen, onílù Fẹlá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1940, àti Jeff Mills, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ Underground Resistance sílẹ̀ ní Detroit, gbé àwo "Tomorrow Comes the Harvest" jáde. Mills wà nídìí 909, Allen wà nídìí ìlù tirẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa: ẹ̀rọ náà kò yẹsẹ̀, Allen sì ń yọ́ wọ inú àlàfo tó wà láàárín ìró kan sí èkejì, ó ń dá a lóhùn, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Kò fọ èdè Yorùbá níbẹ̀ o, ìlù tirẹ̀ kò ní ọṣán tí à ń fún. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó jọ ìyáàlù lórí omele ẹ̀rọ. Allen kú ní Paris ní 2020.

Ó ku orúkọ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, "omele ilẹ̀" ni mò ń pe ìlù ńlá ẹ̀rọ yẹn, torí pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ ju etí lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín tó mọ ìlù lù bá ní orúkọ tó sàn jù ú lọ, mo ṣe tán láti gbà á.