Òùngbẹ Máa Ń Gbẹ Bébà

Ọdún 1979 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lápá Ìdúmàgbò. Mo rò pé ẹ̀rọ ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Rárá o. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ru bébà, tí mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá á fa ewé kan yọ nínú rímù, wọn á di igun rẹ̀ mú, wọn á mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Bébà tó gbẹ á dún ṣáṣá. Èyí tó ti rin, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀, bí aṣọ tí kò tíì gbẹ lórí okùn.

"Kí ló wí?"

"Ó ti mumi, sà."

"Tún un gbọ́."

Igi ni bébà. Wọ́n sè é, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi iná yan án gbẹ, síbẹ̀ fọ́nrán igi inú rẹ̀ kò gbàgbé omi. Bí ojú ọjọ́ bá rin, á mu. Bí ọyẹ́ bá dé, á tú u sílẹ̀. Tó bá sì mu, ìbú ló fi ń wú, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ọ̀nà tí fọ́nrán dorí kọ kí a tó gé bébà. A ó fà á ya lóròó, a ó fà á ya níbùú. Ibi tó bá ti ya gbọọrọ láìwọ́, ọ̀nà fọ́nrán nìyẹn.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rù omi. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, sì gbé ìwé ìròyìn Anglo-African jáde ní Èkó ní 1863, ayé ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ ni. Lẹ́nu iṣẹ́ àfọwọ́tẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fomi rin bébà lálẹ́, wọ́n á gbé nǹkan tó wúwo lé e, kó lè rọ̀, kó lè gba tàdáwà dáadáa lára lẹ́tà òjé. Títí di 1929, tí Isaac Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tàdáwà dúdú kan ṣoṣo ni. Bébà ìbáà fẹ̀ díẹ̀, ojú kò lè rí i.

Àwọ̀ mẹ́rin ló kó wa sí wàhálà. Bébà á gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jókòó gẹ́ẹ́ lórí èkejì. Ní 1984, èmi ni mo tú ọ̀rá lára bébà tí a fẹ́ fi tẹ ìwé fídáù ìyá àgbàlagbà kan. Mo tẹ pupa àti aró lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé láti dá ọ̀rá náà bò ó, òjò sì rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo fi yẹ́lò àti dúdú lé e láàárọ̀, etí bébà ti ń ru bí omi ọ̀sà, ètè màmá sì di méjì. Mo rí ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tó wo fọ́tò náà. Kò bú mi. Ó kàn fi àtàǹpàkò nu ẹnu ìyá rẹ̀ lórí bébà, bíi pé ìdọ̀tí ni. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì sùn fún òru méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá ra òṣùwọ̀n onírun, tó ń wọn bí atẹ́gùn ṣe rin tó. Irun orí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, nítorí irun máa ń gùn tí atẹ́gùn bá rin, á sì súnkì tó bá gbẹ. De Saussure ará Switzerland ló kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1783. Ìwọ̀n rírin atẹ́gùn 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń dán bébà wò káàkiri ayé, nínú yàrá tó wà ní ìwọ̀n 23 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ òjò nílé ìtẹ̀wé wa, abẹ́rẹ́ á kọjá 85. Àwọn oníṣòwò pọ́ọ̀pù, ìyẹn igi sísè tí wọ́n fi ń ṣe bébà, kò tilẹ̀ fi ojú lásán wo ọ̀rọ̀ náà: omi 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Wọ́n á wọn díẹ̀, wọ́n á fi sínú ààrò ìwọ̀n 105 Sẹ́síọ́ọ̀sì títí tí kò ní fúyẹ́ mọ́, wọ́n á tún un wọ̀n. Ẹni tó ń rajà kò gbọdọ̀ san owó omi.

Nígbà tí iṣẹ́ dẹ̀ sílẹ̀ ní mílì bébà Jẹ́bà àti ti Ìwópìn, bébà òkè òkun láti èbúté Àpápá ló kù. Ó gbẹ nígbà tí wọ́n wé e lọ́hùn-ún. Tí a bá tú u lójijì létí ọ̀sà, á mumi bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí a tú u lọ́jọ́ tó bá dé. Ó gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé, kó bá ilé náà mọra.

Ìyàwó ọ̀gá ló gbé òṣùwọ̀n onírun náà lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n papòdà. Ó wà lára ògiri mi ní Ṣómólú báyìí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní èyí tó ń lo bátìrì, tí wọ́n ń kì bọ àárín bébà bí ọ̀bẹ, ó sì dára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan fẹ́ kàlẹ́ńdà kíákíá, bébà rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nínú òjò. Abẹ́rẹ́ wà ní 81. Mo fa ewé kan yọ, mo mì ín létí ọmọ tó kéré jù nínú wọn, mo sì ní kí oníbàárà padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.