Yàrá Kan Nínú Agbo Ilé: Ta Ni Ó Lè Tà Á?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí òwe yìí ń sọ kì í ṣe ògiri àti páànù nìkan. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, àwọn tí ó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà, ó yẹ kí a béèrè pé: ta ni wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè tà á? Nígbà mìíràn gbájúẹ̀ ni, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ inú ilé náà ni. Ìbéèrè yìí kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn ni ó ń gbé Ìbàdàn, Èkó tàbí òkè òkun, tí yàrá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ nínú agbo ilé sì wà ní títì pa.

Ẹni tí ó tẹ agbo ilé dó a máa kọ́ yàrá tẹ̀ lé yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì so wọ́n pọ̀. Bí ọmọkùnrin bá tó gbéyàwó, wọn a fún un ní yàrá. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa lò ó. Ọmọbìnrin tí ó bá ti ilé ọkọ padà, a kì í tì í síta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè dá na ìka sí yàrá tirẹ̀, kí ó sọ fún àlejò pé, "Mú owó wá." Ẹ̀tọ́ láti gbé inú yàrá ni a fún un, a kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti tà á.

Ìdí rẹ̀ hàn gbangba ní Ìṣẹ́yìn, ìlú tí aṣọ òkè sọ di olókìkí. Ahunṣọ a máa ta òwú gígùn síwájú òfì rẹ̀, a sì gbé òkúta lé ìpẹ̀kun rẹ̀ kí òwú náà lè fà le. Ojúde tí gbogbo ilé jọ ni ni òwú yìí ń gbà kọjá. Bí ẹnìkan bá ta yàrá rẹ̀, tí ẹni tí ó rà á sì mọ odi síwájú rẹ̀, ọ̀nà òwú dí nìyẹn. Ẹni tí ó rò pé yàrá kan ṣoṣo ni òun tà ti ta oúnjẹ ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Ilé ẹjọ́ pàápàá ti fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a rìnrìn àjò náà ní 1920. Ní 1921, ìdájọ́ wáyé pé àwùjọ àti ẹbí ni ó ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni pé ó gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ là á yé wa pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ìlànà yìí rẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan lè sọ pé ayé àtijọ́ ni èyí, pé lọ́dọ̀ òyìnbó, olówó a kàn ra ilé tí ó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní New York, ọ̀pọ̀ ilé alájà púpọ̀ ni ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí wọ́n bá polówó ibùgbé oníyàrá kan níbẹ̀, ní àdúgbò tí kò ní ariwo, kì í ṣe ògiri ni ẹni tí ó san owó ń rà. Ìpín ni ó rà nínú ẹgbẹ́ tí ó ni gbogbo ilé náà, ìpín yẹn ni ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀. Kí ó tó wọlé, ìgbìmọ̀ tí àwọn olùgbé yàn yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, wọn yóò pè é, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wọ́n lè kọ̀ ọ́, bí òun àti ẹni tí ń tà á tilẹ̀ ti gbà fún ara wọn. Ní Co-op City ní Bronx, níbi tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ ti wọlé ní 1968, tí ibùgbé 15,372 sì wà, ẹni tí ń kó lọ kì í wá oníbàárà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni yóò gba ibùgbé náà padà, tí yóò sì dá owó ìpín rẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó bá mọ agbo ilé yóò rí i pé ìgbìmọ̀ yìí jọ baálé àti àwọn àgbà rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣọ́: kí ẹnìkan má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹni tí a kò mọ̀ wọ àárín gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ta wá yọ. Èkíní, oṣooṣù ni olúkúlùkù wọn ń san owó àtúnṣe. Ní tiwa, yàrá ẹni tí kò sí nílé a máa jò, bẹ́ẹ̀ omi tí ó wọ yàrá kan kì í pẹ́ kó tó wó ògiri amọ̀ tí yàrá kejì fara tì. Èkejì, ìwé ni òfin tiwọn wà. Ẹnu àgbàlagbà ni tiwa wà, bí àgbàlagbà bá sì lọ, ọ̀rọ̀ di tèmi-làkọ́kọ́.

Ǹjẹ́ kí ọmọ ẹbí tí owó ilé ìwòsàn wọ̀ lọ́rùn wá máa wo yàrá níran? Rárá o. Ó lè fi lọ àwọn ará ilé, kí ọ̀kan nínú wọn gba ipò rẹ̀ kí ó sì fún un lówó. Ẹbí sì lè jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti pín ilé náà. Bí wọ́n bá ti pín in tán, tí olúkúlùkù ti mọ tirẹ̀, ó lè tà á láìsí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò pe àwọn obìnrin ilé sí kò tíì pé. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní 1908 ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé obìnrin tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́ kù lè di olórí ẹbí.

Iṣẹ́ wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá lọ sílé nígbà ìsinmi, kí ó mú ìwé àti kálàmù tọ ìyá àgbà lọ. Kí ó béèrè ẹni tí ó tẹ ilé náà dó, iye yàrá tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó kan páànù àti àwọn tí a gbọ́dọ̀ pè bí ọ̀rọ̀ títà bá dé. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kà á sí etí àwọn àgbà, kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ lè gba ilé là ju ọ̀dà tí a fi kọ̀wé sára ògiri lọ.