Mo Gbé Gàrí Lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ẹ bá ń ná ọjà Bódìjà, ẹ ò jìnnà sí ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Mo gbé gàrí lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ òfin níbẹ̀. Ilé aago gogoro ni mo kọ́kọ́ rí, àti àwọn ọmọ tó ń yára bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ló bá mú mi sọdá títì lọ sí Agbówó, níbi tó háyà yàrá sí. Háà! Máṣíìnì ìránṣọ ló pàdé mi, ìwé tò jọ sórí ẹ̀.

Ó ní nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 ní 2022, ìyá òun ò jẹ́ kóun jókòó lásán, lòun bá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Òun náà ló fi ń san owó ilé báyìí. Ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó kan gbọ́dọ̀ jáde ní Sátidé, ìdánwò àṣekágbá sì bọ́ sí Mọ́ńdè.

"Àǹtí mi, èwo lẹ ní kí n fi sílẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo bọ́ ìborùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́tí aṣọ náà (ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá o), òun ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú.