Ọdún Tí Ó Tẹ̀lé Ọdún Ìṣẹ́gun

Ó rọrùn láti fẹ́ràn ẹni tí ó ń borí. Nígbà tí ìlù bá ń dún lẹ́yìn akọni, ọ̀nà a máa kún fún èrò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò ní ìbátan òun ni, ẹni tí kò bá a jẹun rí yóò ní inú àwo kan náà ni àwọn jọ ń tọwọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó bá tẹ̀lé ọdún ìṣẹ́gun ni a fi ń mọ olùfẹ́ tòótọ́. Nínú eré bọ́ọ̀lù ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, láàárín Oǹdó tí a bí mi sí àti Àkúrẹ́ tí mo ti kàwé. Ẹgbẹ́ tí ó sì kọ́ mi ni Shooting Stars ti ìlú Ìbàdàn, ní ọdún 1983 àti 1984.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó kan ará Oǹdó àti ará Àkúrẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé ọdún 1976, inú ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa wà, èyí tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba pín in sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó; Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IICC ni ó ń tọ́jú Shooting Stars nígbà náà. Bàbá mi, tí ó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, a máa sọ pé owó kòkó Oǹdó wà nínú bàtà tí àwọn ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àti pé bí ìjọba tilẹ̀ pín ilẹ̀, ta ni yóò pín ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn? Nínú ọdún 1976 yìí kan náà ni ẹgbẹ́ náà borí Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó sì gba ife tí àwọn ẹgbẹ́ olúborí ife ń du ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife kan ní gbogbo Áfíríkà. Láti ìgbà náà, bí àwa ọmọdé bá ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà lẹ́yìn ilé, ẹnìkan á ní òun ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹlòmíràn á ní òun ni Muda Lawal. Ẹni tí a bá sì fi ṣọ́ ilé, tipátipá ni yóò máa jẹ́ Best Ogedegbe.

Ọdún 1983 kò rọrùn lọ́dọ̀ wa rárá. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdìbò gómìnà ní oṣù Ògún ọdún náà le púpọ̀. A sun ilé, a sì pa ènìyàn ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń bá ara wọn jẹ tí wọ́n ti ń bá ara wọn mu kò kí ara wọn mọ́. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni Shooting Stars gba líìgì orílẹ̀-èdè. Mo rántí àwọn ọkùnrin méjì kan ní àdúgbò wa ní Oǹdó, tí ọ̀rọ̀ ìdìbò ti mú kí wọ́n di àwòdì àti adìyẹ. Asọ̀rọ̀mágbèsì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó tì ní ọjọ́ kan, nítorí kò sí òmíràn nítòsí. Wọ́n wọlé, wọn kò kí ara wọn; ṣùgbọ́n nígbà tí góòlù wọlé, wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó rántí pé ọ̀tá ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní eré lásán ni bọ́ọ̀lù, kò sí lọ́dọ̀ wa ní ọdún náà.

Ọdún 1984 dé. Àwọn ológun ti gba ìjọba ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983. Ìjọba kéde ogun sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń wọ ọkọ̀ tàbí tí wọ́n ti ń ra nǹkan. A pààrọ̀ owó bébà. Ọjà wọ́n, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ènìyàn wá ń wojú Shooting Stars bí ìgbà tí ọmọ tí ebi ń pa ń wojú ìyá rẹ̀ tí ó ti ọjà dé. Wọ́n ní ẹni tí ó gba ife lánàá, kí ni kò ní jẹ́ kí ó gbà á lónìí?

Ṣùgbọ́n èyí tí a rò kọ́ ni a rí. Rangers ti Enugu ni ó gba líìgì ọdún náà. Ife orílẹ̀-èdè náà bọ́ sọ́wọ́ Leventis United, ẹgbẹ́ tí kò tíì pẹ́ tí a dá a sílẹ̀. Èyí tí ó sì dun àwọn olùfẹ́ Shooting Stars jù ni pé Ìbàdàn kan náà ni ẹgbẹ́ yìí ti wá. Ìrètí kan ṣoṣo ni ó kù, èyíinì ni ife tí àwọn olúborí líìgì gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ń du. Nínú ìdíje yìí, àwọn ọmọ náà ṣe gudugudu méje, wọ́n bá a dé àṣekágbá. Zamalek ti ìlú Káírò ní Íjíbítì ni wọ́n sì bá pàdé níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ aránṣọ ní tòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ni mo ń gbé nígbà náà. Bàbá Àkúrẹ́ ni à ń pè é nílé wa. Ìsọ̀ rẹ̀ ni àwọn olùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti máa ń péjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń gbá àṣekágbá náà, ọ̀kan nílé ẹgbẹ́ kìíní, ìkejì nílé ẹgbẹ́ kejì, a ó sì ro góòlù méjèèjì pọ̀. Ní Káírò, Zamalek jẹ góòlù 2, àwa kò jẹ ọ̀kan. Ìsọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀: bí a bá jẹ 3 ní Èkó tí wọn kò sì jẹ nǹkan kan, ife di tiwa. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tí ó wọ ìsọ̀ náà tí kò ní fi ìka ka 3 kí ó tó sọ irú aṣọ tí ó fẹ́ rán. Nígbà tí ọjọ́ pé, góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé ní Èkó, Zamalek ni ó sì jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì ni mo rí ohun tí n kò rí rí. Àwọn tí wọ́n ti ń fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí búra ní ọdún 1983 ni wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ àti ọ̀dàlẹ̀. Oníbàárà kan tilẹ̀ sọ fún Bàbá Àkúrẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ìjọba tú wọn ká ni. Oríyìn ti pọ̀ jù fún wọn, wọ́n ti yó.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní Áfíríkà ni wọ́n ti lọ sílé tipẹ́tipẹ́. Àwọn méjì péré ni ó kù lórí pápá. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì nínú gbogbo Áfíríkà ni ẹ fẹ́ tú ká yìí. Kí ni ẹ ó wá ṣe fún ẹni tí kò kúrò nílé rárá?”

Ohun tí oníbàárà náà wí ni ó ṣẹ. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Nígbà tí mo lọ fún ìsinmi ọdún ní Oǹdó, mo sọ ọ́ fún bàbá mi nínú oko, nígbà tí a ń fọ́ kòkó. Ó ní, “Ọmọ mi, igi kòkó tí ó bá so wọ̀ǹtìwọnti ní ọdún yìí lè má so tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ń bọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí a bá rí i bẹ́ẹ̀, a ó roko ìdí rẹ̀, a ó já àfòmọ́ orí rẹ̀, a ó sì ká èyí tí ó ti dúdú dànù kí ó má baà ran ìyókù. Àgbẹ̀ tí ó bá tìtorí ọdún kan gbé àáké sí ìdí rẹ̀, ọdún mélòó ni yóò fi dúró de òmíràn kí ó tó so?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti fi ń wo eré láti ọjọ́ náà. Mo sì ti rí i pé kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan ni ó ń mú olúborí ṣubú. Ẹni tí ó gba ife ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́. Àwọn alátakò ti mọ ẹsẹ̀ tí ó fi ń gbá a àti ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá. Ìdíje rẹ̀ a pọ̀ sí i, ìrìn àjò rẹ̀ a jìn sí i, ara a sì kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó lówó jù ú lọ a máa wá tàn án ní ọmọ. Ilẹ̀ Faransé gba Ife Àgbáyé ní ọdún 1998. Ní ọdún 2002, Senegal nà wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì padà sílé láìjẹ góòlù kan ṣoṣo.

Mo tún ka ìtàn kan nípa Amẹ́ríkà tí ó dà bí ìtàn tiwa. Wọ́n ní eré kan níbẹ̀ tí a ń pè ní baseball, nínú èyí tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ Marlins ti Florida gba ife tí ó ga jù lọ nínú eré náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn ọmọ náà tà, ó ní owó tí òun ń ná lé wọn lórí ti pọ̀ jù. Nínú ìdíje 162 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998, 108 ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Ẹ wò ó: tiwọn ni a tú ká lẹ́yìn tí wọ́n borí, tiwa ni a tú ká lẹ́yìn tí a borí wọn, àáké kan náà ni ó bọ́ sí ìdí igi méjèèjì. Ọdún 2003 ni Marlins tó tún gba ife náà.

Àwọn tí a tú ká ní Ìbàdàn ńkọ́? Rashidi Yekini wà lára wọn. Ó lọ bá Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí òkèèrè. Ní ọdún 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1994, òun ni ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, nígbà tí a bá Bulgaria pàdé. Ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú, tí a tún kó jọ, gba ife CAF ní ọdún 1992 nígbà tí ó borí Villa ti Ùgáńdà, ó sì tún gba líìgì ní ọdún 1995 àti 1998. Igi tí wọ́n ní ó ti kú tún rúwé.

Lónìí, Àkúrẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Sunshine Stars. Kò tíì gba líìgì orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 ó bá àwọn àgbà Áfíríkà dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ó gbá ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Al Ahly ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí góòlù kan tó yọ ọ́ ní Káírò. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan náà já kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ líìgì. Mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wí ní Ọjà Ọba pé kí a tú wọn ká, bí ẹni pé oníbàárà ọjọ́ kìíní ni ó tún sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, n kò wí pé kí a máa yin ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ roko, ẹ já àfòmọ́. Ẹ béèrè bí a ti ṣe ná owó, kí ẹ sì bá ẹni tí ó yẹ wí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé àáké, ẹ ka iye ọdún tí igi náà fi dàgbà. Ìyẹn ni ó ya àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn wá jẹ èso.