Nígbà Tí Ebè Bá Mọ́ Jù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oko tó mọ́ ni ẹ̀rí pé olóko kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí pàǹtí bá bo ebè rẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ yóò ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán kí wọ́n tó kí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, fi máa ń rí gbalasa lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti kó ewé gbígbẹ rẹ̀ jọ, wọ́n sì ti dáná sun ún. Ata àti tòmátì wá dúró lórí ilẹ̀ pupa tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oòrùn ń fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kì í hàn sí ẹni tó kàn ń kọjá.

Ó hàn sí àwọn tó wọ̀n ọ́n. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Nǹkan bí ọdún 1970 ló débẹ̀, kò sì kúrò títí di 1987. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la ilẹ̀ sí abala abala lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìbò, wọ́n fi pòròpòrò àti koríko bo apá kejì, wọ́n wá ń wọn omi tó ń ṣàn kúrò àti erùpẹ̀ tó ń bá a lọ lẹ́yìn òjò. Ní ibi tí wọ́n fi ìbòrí tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 sí lórí hẹ́kítà kan, omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí erùpẹ̀ gbé lọ. Ní ibi tó wà láìbò, ojú ilẹ̀ di, ó le koránkorán, ọ̀gbàrá sì ń kó ọ̀rá rẹ̀ lọ sí odò. Ooru nìkan tún tó ìyọnu: lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí lè gbóná ju ìwọ̀n 40 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré sí ìsàlẹ̀ ojú ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kéékèèké pọ̀ sí jù. Irú iṣẹ́ báyìí wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún Lal ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020.

Àgbẹ̀ oníṣu kò dúró de ìwádìí kankan. Bí ó bá ti ri èbù sínú ebè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò di koríko gbígbẹ tàbí ewé lé e lórí, yóò sì fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí oòrùn má baà se èbù náà nínú ilẹ̀ kí òjò tó dé. Kò sí ẹni tó máa tìtorí koríko orí ebè pe oníṣu ní ọ̀lẹ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀fọ́ ni ojú wa ti yí padà: ohun tó jẹ́ ọgbọ́n lórí iṣu di ìdọ̀tí lórí ata.

Ní ìgboro, koríko tí èèyàn lè gé fún irú iṣẹ́ yìí kò wọ́pọ̀. Igi ló wọ́pọ̀. Ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi kì í jìnnà sí ẹ̀rọ ìlàgi. Ní Okobaba, ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta l'Ékòó, ọ̀pọ̀ ọdún ni èéfín irú òkìtì bẹ́ẹ̀ fi ń rú lójú ọ̀sà, tí àwọn tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá ń wò ó. Ohun tó lè bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ebè ni iná jẹ níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń jáde lára igi kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀rọ kúnná, bí ó bá nípọn lórí ebè, ó máa ń dì pọ̀, òjò á sì máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí ìfági kápẹ́ńtà ń bó sílẹ̀ sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ máa ń gbé e. Èyí tó dára jù fún ebè ni èérún igi gidi, tí kò dọ́gba, tó fẹ̀ tó ìka tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi àti afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí àwọn agégi ń fi lọ ẹ̀ka ló ń pèsè rẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la igi ìdáná tà ni kí èèyàn kọ́kọ́ yà: ibi tí àáké ti ń sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, èérún ti wà níbẹ̀ dé kókósẹ̀, wọ́n sì lè ní kí èèyàn máa kó o lọ.

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn olóko fi ń kan igi, ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá: wọ́n ní ó máa ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀, pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú lẹ́búlẹ́bú igi, kábọ́ọ̀nù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn tó wà níbẹ̀. Àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń mú igi jẹrà kò lè jẹun bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 25 sí 30 kábọ́ọ̀nù sí náítírójìn kan ni ó bá wọn lára mu. Bí wọ́n bá ro igi pọ̀ mọ́ ilẹ̀, wọn yóò lọ wá náítírójìn tó kù nínú ilẹ̀ náà, ẹ̀fọ́ yóò sì dúró lébi. Ṣùgbọ́n bí èérún bá wà lórí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ́ rò ó wọlé, ibi tí igi àti ilẹ̀ ti kanra nìkan ni ìjà náà mọ. Linda Chalker-Scott, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé púpọ̀ láti ṣàlàyé èyí fún àwọn olọ́gbà. Gbòǹgbò ata wà nísàlẹ̀ ibi tí igi àti ilẹ̀ ti kanra yìí. Irúgbìn koríko tó fẹ́ hù lókè ni ebi ń pa, ìyẹn kò sì dun olóko rárá.

Kí èèyàn ṣí èérún kúrò díẹ̀ lórí ebè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Tòkè gbẹ, ó ti ṣá. Ìpele tó tẹ̀ lé e ti dúdú, òwú funfun tín-ínrín tí olú ń ta ti so ó pọ̀, bí èèyàn bá fà á, ó máa ń ṣí bí ẹní. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìgbẹ́ ekòló wà ní ṣíṣù ṣíṣù, ìka sì ń wọ ilẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn tì í. Ní poro tí kò ní ìbòrí, ọkọ́ ló máa wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo igi ló ń ṣe ilẹ̀ lóore bákan náà. Ní àwọn ọdún 1980, Gilles Lemieux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Laval, ní Quebec ní Kánádà, ń tẹnu mọ́ ẹ̀ka tútù tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ, nítorí pé ara ẹ̀ka kéékèèké ni igi ń kó púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Ìtì igi kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àgúnmániyè nínú ọgbà ti ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àdá lásán tó láti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tewétewé. Ọgbọ́n mìíràn wà lọ́dọ̀ àwọn olóko adìyẹ, tí ń ra lẹ́búlẹ́bú igi tẹ́ sílẹ̀ fún adìyẹ. Bí ìgbẹ́ adìyẹ bá ti pò ó, náítírójìn tí igi kò ní ti dé nìyẹn. Kí wọ́n kó o jọ, kí ooru rẹ̀ kọ́kọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má baà jó ẹ̀fọ́.

Àwọn ibi tí kò yẹ wà. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí wọ́n ń fọ́n irúgbìn wọn kò lè la èérún kọjá. Ilẹ̀ tó mọ́ ni tiwọn, títí wọn yóò fi ga díẹ̀. Ata, tòmátì àti ìgbá tí wọ́n lọ́ láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ hù ni èérún bá mu, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi ọ̀gbìn kó má baà rà. Pákó tàbí òpó tí wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ kò gbọ́dọ̀ dé ọgbà, torí oògùn CCA tó wọ́pọ̀ lára irú igi bẹ́ẹ̀ ní ásẹ́níìkì nínú. Ìbéèrè tó yẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìlàgi ni, “Ẹ̀gbọ́n, igi wo lẹ là lónìí?” Arère máa ń tètè jẹrà, ìrókò àti tíìkì kì í tètè jẹrà.

Ikán ńkọ́? Wọn yóò wá. Lórí ilẹ̀ líle ní Burkina Faso, wọ́n ti rí i pé ikán tó wá jẹ ìbòrí ń gbẹ́ ihò tí omi òjò ń gbà wọlẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èérún ọgbà àti òpó ilé, nítorí náà kí ebè bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ògiri.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mímọ́ ebè ṣì ń dà láàmú kò nílò láti bo gbogbo ọgbà. Kí ó gbin ata sí ebè kan ní ìparí òjò, kí ó fi èérún bo ìdajì, kí ó fi ìdajì sílẹ̀ bí àṣà. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, kí ó máa sàmì sára ògiri fún garawa omi kọ̀ọ̀kan tí apá kọ̀ọ̀kan bá mu, kí ó sì fi hàn ẹni tó bá sọ pé apá kan dọ̀tí.